Ata Inú Ìgò Onídèérí Pupa

Inú ìgò onídèérí pupa ni ata Màmá máa ń wà, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà kì í sì í fi ata mìíràn jẹ búrẹ́dì. Lọ́dún tó gbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ sun tàtàṣé àti ìgbá, ó gún un, ó dín in, ó bù ú síwájú rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó fọwọ́ ti àwo sẹ́yìn, ó ní ó gbìyànjú, àmọ́ ọwọ́ kì í jọ ọwọ́. Ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyálé kì í sè é. Ìyàwó fi ata sílẹ̀, ó gbájú mọ́ aṣọ tó ń rán.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, làkúrègbé mú Màmá lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ ká kò, kò lè di ọmọ odó mú mọ́. Ìyàwó ló máa ń lọ bá a fọṣọ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, òun náà ni Màmá sì pè wá sídìí iná.

"Èmi á máa sọ ọ́, ìwọ á máa ṣe é," ni Màmá wí. "Àmọ́ ọkọ rẹ ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Jẹ́ kó ṣì máa rò pé ìyá òun lágbára."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó á gbé tàtàṣé àti ìgbá sójú iná gáàsì títí èèpo wọn á fi dúdú bí èédú, á dé wọn mọ́nú abọ́ kí ooru mú èèpo náà rọ̀, á wá fi ìka bó wọn. Màmá kò gbà kí omi kàn wọ́n, ó ní omi ló ń fọ òórùn èéfín dànù. Á jẹ́ kí omi ìgbá ro tán nínú asẹ́, á gún gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú aáyù àti iyọ̀, á sì dín in lórí iná jẹ́jẹ́ títí òróró á fi léfòó. Tó bá padà délé, ìka tó jó ló fi ń di abẹ́rẹ́ mú. Ọkọ rẹ̀ kò béèrè rí ohun tó jó o.

Màmá fúnra rẹ̀ kì í jẹ ata mọ́, ọgbẹ́ inú kò gbà fún un. Síbẹ̀, kò sí ọjọ́ Jímọ̀ tí kì í ní àtúnṣe. Iyọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá pọ̀. Kó má gún aáyù kúnná tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó á rẹ́rìn-ín, á ní àgbà nìkan ló lè fojú tọ́ iyọ̀ wò, á sì ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ojú Màmá kò ríwèé kà mọ́, torí náà ohùn ni ọmọ rẹ̀ máa ń fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù láti ibi iṣẹ́. Tí ìyàwó bá ti wọlé, Màmá á ti fóònù náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Láàárọ̀ Sátidé, káfíńtà á ṣí ìgò náà, á fi ata pa búrẹ́dì, á dijú.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe bí ìyá mi," ni yóò wí, á sì wo ojú ìyàwó rẹ̀.

Ó ń dun ìyàwó. Ó sì tún ń dùn mọ́ ọn nínú, torí ó mọ ẹni tí wọ́n ń yìn. Ọdún mẹ́fà ló fi ọ̀rọ̀ náà sínú, tó ń retí ọjọ́ tí òun máa lè sọ ọ́.

Màmá kú. Ìgò kan ṣoṣo ló kù nínú fíríìjì, ṣíbí tíì ni káfíńtà sì fi ń bù ú. Lọ́jọ́ tó tán, ìyàwó sun tàtàṣé àti ìgbá nínú ilé ara rẹ̀, bó ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ Màmá gẹ́lẹ́, ó bù ú sínú àwo, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

Ó tọ́ ọ wò. Ó fọwọ́ ti àwo sẹ́yìn.

"O gbìyànjú," ó ní. "Ọwọ́ kì í jọ ọwọ́."

Ìyàwó jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìka tó ká kò títí dé orí ìgò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán. Kò pariwo. Ó ní òun ò bínú, kó ṣáà ti mọ̀ pé òun ni.

Káfíńtà gbọ́ ọ dópin, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì yí padà. Ó nu ọwọ́.

"Má purọ́ mọ́ òkú," ó ní. "Kò lè fèsì."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, káfíńtà ti ro ọ̀rọ̀ náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dé pẹ̀lú ìbínú. Wọ́n ní kí ìyàwó kúnlẹ̀ níwájú fọ́tò Màmá kó tọrọ ìdáríjì. Ó kúnlẹ̀, ó tọrọ rẹ̀. Ìtìjú náà korò lẹ́nu rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó lọ kó ẹrù yàrá Màmá, ó rí fóònù náà lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi í sí ṣáàjì, ó tẹ ohùn tó wà lókè pátápátá, ohùn ọkọ rẹ̀ sì jáde: "Màmá, ẹ bá mi sọ fún un kó dín iyọ̀ kù ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, tiẹ̀ ti dùn ju tiyín lọ báyìí, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀, kó má lọ máa gùn mí gálégálé."