Họ́ọ̀nù Tírélà Nínú Yàrá Ẹyẹ

Ẹ má fi ojú fo ìlà kankan. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

1.
Ọmọ ìyá méjì ń gbé inú ilé kan. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ mẹkáníìkì. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́: yóò ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, yóò dijú, yóò sì sọ ibi tí àrùn rẹ̀ wà kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Elétí-Ajá.

Àbúrò rẹ̀ jẹ́ télọ̀. Nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú ilé náà, ó ń sin ìbákà, àwọn ẹyẹ kékeré olóhùn dídùn. Akọ àgbà kan máa ń kọrin níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹyẹ mẹ́fà á dákẹ́, wọ́n á tẹ́tí, wọ́n á sì máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ìbákà tí kò bá gbọ́ orin àgbà ní kékeré, ariwo lásán ni yóò máa pa títí ayé.

Ìyá wọn ti darúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Láràárọ̀ ni Elétí-Ajá ń gbé e jókòó lórí àga tuntun tó rà fún un, níwájú yàrá òun fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá ní:

"Ọmọ mi, gbé àga yìí lọ sí ẹnu ọ̀nà àbúrò rẹ. Àwọn ẹyẹ yẹn ló ń jẹ́ kí n mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́."

Ó gbé e lọ. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò bá a lọ.

2.
Owú kì í wọlé bí olè. Bí àlejò ló ṣe ń wọlé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì fún un níjòókòó. Elétí-Ajá kò sọ pé òun kórìíra àbúrò òun. Ohun tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ ni pé, "Èmi ni mò ń ra oògùn. Èmi ni mo tún òrùlé ṣe. Ẹyẹ ló wá di ọmọ."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹyẹ lẹ wá ń bá du ìyá? Ẹ yáa lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń súfèé."

Àwàdà ni, àmọ́ iyọ̀ ló fi sí ojú egbò.

3.
Télọ̀ fẹ́ rìnrìn-àjò ọjọ́ mẹ́ta. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi máa fún wọn lómi. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè fi wọ́n sílẹ̀ fún."

Ẹ gbọ́ ohun tó fi kọ́kọ́rọ́ náà ṣe, kí orin ẹyẹ lè tán nínú ilé náà. Ó gbé họ́ọ̀nù tírélà wọlé, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè mú kó dún. Kí ará àdúgbò má baà gbọ́, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ó sì fi mátírẹ́ẹ̀sì dí fèrèsé. Kò fi nǹkan kan dí etí ara rẹ̀. Ó ní ogún ọdún ni etí òun ti fi jẹ ariwo yó.

Odidi wákàtí kan ló fi tẹ họ́ọ̀nù náà, lọ́sàn-án gangan. Ó tún ṣe é lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta. Ariwo tí kò rí ọ̀nà jáde, inú yàrá náà ló ń yí po, kò sì béèrè ẹni tó jẹ́ ẹyẹ, kò béèrè ẹni tó jẹ́ èèyàn. Nígbà tó jáde, nǹkan ń hó "ṣìììì" nínú etí rẹ̀. Ó rò pé yóò lọ.

4.
Télọ̀ dé, ó bá ilé nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn àwọn ẹyẹ, ọ̀kan ò yíjú. Ó ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ariwo ńlá ló ba etí wọn jẹ́," ni dókítà wí. "Àwọn irun tín-ín-rín kan wà nínú etí tó ń gba ohùn. Ariwo ti wó wọn lulẹ̀."

"Ṣé wọ́n ti di adití nìyẹn?"

"Rárá. Ti ẹyẹ máa ń hù padà, bí koríko tí wọ́n gé. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ariwo má dé ọ̀dọ̀ wọn. Ti èèyàn ni kì í hù mọ́."

Ìyá sọ̀rọ̀ láti orí àga. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbọ́ họ́ọ̀nù bíi ti òkèèrè. Mo rò pé tírélà wà lójú títì, àmọ́ tírélà yẹn ò kọjá lọ." Ó wá pe àkọ́bí rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Kí lo ṣe nínú yàrá àbúrò rẹ?"

Kò dáhùn. Ìyá béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Gbogbo wọn yíjú wò ó. Kì í ṣe oríkunkun. Kò gbọ́ ni.

 Télọ̀ na ọwọ́ sí i, ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

5.
Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọmọ ẹyẹ kan gbìyànjú orin, ó kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ. Ní oṣù kejì, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ń dáhùn sí akọ àgbà.

Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Elétí-Ajá dijú bó ṣe máa ń ṣe. "Ṣìììì" nìkan ló gbọ́. Ó tú ibi tó dára, ó fi ibi tó bàjẹ́ sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ rọra ń gbé ọkọ̀ wọn lọ sí ibòmíràn.

Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé àga ìyá lọ sí ẹnu ọ̀nà àbúrò rẹ̀ báyìí. Yóò dúró, yóò máa wo ẹnu àwọn ẹyẹ tó ń là tó ń pa dé. Ìyá á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á máa fi ìka lu orin náà sí i lẹ́yìn ọwọ́, kí ó lè mọ ibi tí àwọn ẹyẹ kọ ọ́ dé.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ìhín, mo kìlọ̀ fún yín. Bí ayọ̀ ọmọ ìyá yín bá ń ta yín lára, ẹ pè é, ẹ sọ ọ́ fún un lójú. Ìtìjú rẹ̀ kò ní ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ má wọ yàrá kan ti ilẹ̀kùn nítorí rẹ̀. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.