Kọ̀ǹpútà Kan Ṣoṣo Tó Kù

Ìfọ́tí olóòyì ni ọ̀gá fi kí akọ̀wé káàárọ̀.

"Ọ̀dàlẹ̀! Kọ̀ǹpútà mọ́kànlá ló ti kú, tìẹ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ìwọ lo kó fáírọ́ọ̀sì ràn wá!"

Ó gbá a lọ́rùn aṣọ mú, ó fi orí rẹ̀ gbá ògiri.



"Ímeèlì àná ló kó o wọlé, sà. Orúkọ yín ló wà lórí ẹ̀. Ìbẹ̀rù yín ló jẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ tó kù sáré ṣí fáìlì tó wà nínú ẹ̀."

"Kí ló dé tí ìwọ ò ṣí i?"

"Mo mọ̀ pé ayédèrú ni."

"Kí lo fi mọ̀?"

Akọ̀wé nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀.

"Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń bá yín ṣiṣẹ́, sà. Ẹni tó kọ eléyìí ní 'ẹ jọ̀wọ́'."