Báńkì Ńlá Wá Wo Ilé Mojíbọ́lá

Ọdún 1992, ní Lálúpọn.

Báńkì mẹ́ta ni Mojíbọ́lá kọ̀wé sí. Báńkì ńlá nìkan ló rán èèyàn wá wo ilé bàbá rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni náà ń mu Fáńtà, ó ń fọ́nnu.

"Bàbá, ẹ má fi wá wé àwọn báńkì ọmọ àná yẹn. Wọ́n á fún ọmọ yín ní mọ́tò lónìí, wọ́n á lé e dànù lọ́la."

"Mo tiẹ̀ gbọ́ pé wọn ò ní jẹ́ kí obìnrin lóyún títí ọdún mẹ́ta," ni bàbá wí.

"Ọdún méjì péré ni tiwa! Abiyamọ nìkan la kì í gbà."

Péré, ó ní.

Ìyá kan ń kọjá lójúde. "Mojíbọ́lá, o kú àlejò o!"

Ọmọdé kan sáré wọlé. "Àǹtí, ẹ bá mi wọ bàtà."

"Ọmọ ta nìyí?"

"Àbíkẹ́yìn mi ni," ni bàbá yára dáhùn.

Ọ̀gbẹ́ni náà kọ ọ́ sínú ìwé, ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Bàbá pàtẹ́wọ́. "Báńkì ńlá ni bàbá báńkì!"

Mojíbọ́lá kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí ẹnikẹ́ni ò pè é ní Ìyá Tìmílẹ́hìn mọ́ ládùúgbò.

"Tìmílẹ́hìn, ó ti lọ. Pè mí ní màmá."

Ọmọ náà kọ́kọ́ wo ojú bàbá àgbà.

"Àǹtí," ó ní, "mo ti pè yín dáadáa. Bisikíìtì mi dà?"