Ọmọ Tí Kò Ní Fọ́tò

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya Toyibat ní fọ́tò."

Ọ̀rọ̀ tí Jẹ̀mílátù sọ gbẹ̀yìn fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ òsì ló fi di Bàrúwà mú, ọwọ́ tó fi ń ṣe ohun gbogbo, tó sì máa ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ àgbà kó tó fi gba nǹkan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kú.

Ọ̀kadà ni Bàrúwà ń tún ṣe ní Ayétòrò. Oyún ti bàjẹ́ lára ìyàwó rẹ̀ léraléra. Nígbà tó tún lóyún, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Kétu, ní òdìkejì bọ́dà. Kò pẹ́ tí wọ́n ti bọ́dà pa. Orí fóònù ni Bàrúwà ti gbọ́ pé ó bímọ, orí fóònù náà ló ti sọ ọmọ ní Toyibat. Ìgbà tí ọmọ tó jókòó ni ìyá rẹ̀ gbé e gba ọ̀nà igbó wálé.

Jẹ̀mílátù ò gbé ọmọ náà dé ọjà Ìlaró rí. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni Bàrúwà kọ́kọ́ mú un lọ, torí kò sí ẹni tó máa fi í sílẹ̀ fún. Obìnrin oníguguru kan bu díẹ̀ sí ọmọ lọ́wọ́.

"Ìyá ẹ dà?"

"Ìyá ẹ̀ ti ṣaláìsí," ni Bàrúwà dáhùn.

Obìnrin náà wò ó, ó tẹjú mọ́ ọmọ náà.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Bàrúwà lóṣòó nínú ọjà náà láti wo ṣéènì ọ̀kadà. Nígbà tó nàró, Toyibat ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọlọ́pàá béèrè fọ́tò. Ó ní kò sí.

"Ọmọ tẹ́ ẹ bí, ẹ ò ní fọ́tò ẹ̀ kan? Ṣé ẹnu la máa fi ya á kiri ni?"

Ẹnu náà ni Bàrúwà fi ń ya á kiri. Ó dé Jọ́ga-Orílé, ó dé Àgọ́ṣáṣá, ó ń fi ọwọ́ wọn bí ọmọ ṣe ga tó. Àwọn oníbàárà wá gbé ọ̀kadà wọn lọ fún ẹlòmíì. Ẹ̀gbọ́n Bàrúwà, Sàláúdéènì, ló ń fi ọ̀kadà tirẹ̀ gbé e káàkiri.

"Bọ́dà ṣì tì," ni Sàláúdéènì máa ń sọ. "Wọn ò lè gbé e kọjá. Ìrẹsì fàyàwọ́ ló mọ ọ̀nà igbó, ọmọ kọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà igbó náà ni ìyá ẹ̀ gbé e gbà wálé."

Sàláúdéènì tún gun ọ̀kadà, wọ́n ń lọ.

Ìgbà tó yá ni Bàrúwà rántí oníguguru tó béèrè ìyá ọmọ. Wọ́n mú ọdẹ méjì lọ bá a. Nígbà tó rí ìbọn, ó káwọ́ sókè.

"Mi ò jí ọmọ o! Dinah ni mo sọ fún, ní Ìlobì. Ẹ lọ bi í."

Dinah ń sá láfún níwájú ilé nígbà tí wọ́n dé. Kò sá lọ.

"Mo ti ń retí yín," ló wí.

"Ọmọ mi dà?"

Bí Bàrúwà ṣe ń béèrè ló rí i, tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilé, aṣọ tuntun lọ́rùn. Ó nawọ́ sí i, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí kò rí i rí, ó sì sá pamọ́ sẹ́yìn Dinah.

"Ó ti gba iyè ọmọ!" ni Sàláúdéènì pariwo. "Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ mú un!"

"Bàbá mi!"

Inú ilé lohùn náà ti wá. Toyibat sáré jáde, ó dì mọ́ Bàrúwà lẹ́sẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn Dinah yọjú wò wọ́n: ojú kan náà, imú kan náà.

"Táyé nìyẹn," ni Dinah wí. "Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti bọ́dà ni mo gbé àwọn méjèèjì lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Ìlaró. Obìnrin kan ní kí òun bá mi gbé ọ̀kan. Ó ní kí n má bínú pé ọwọ́ òsì lòun fi gbà á. Àtìgbà yẹn ni mi ò ti rí wọn mọ́, àfi ìgbà tí oníguguru sọ fún mi pé òun rí ọmọ mi lọ́jà. Bàbá, ta ló gbé e fún yín?"

Àwọn ọdẹ ń wo ẹnu Bàrúwà. Kò tíì ní kí wọ́n mú Dinah, kò tíì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kò tíì tú ọwọ́ ọmọ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì tíì dárúkọ Jẹ̀mílátù.