Bátìrì Àlòkù

Ní Rumuokwuta, Adéyínká ń yan bátìrì tó ṣeé ṣáájì fún rédíò kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, kásẹ́ẹ̀tì lòun àti Láńrewájú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fi ń ránṣẹ́ sí Màmá nílé.

Ọkàn Màmá ò balẹ̀ mọ́: kí ló dé tóun ò gbọ́ ohùn Láńrewájú?

Gbọ́lágadé tó ń tajà na tuntun sí i. "Bọ̀dá, ẹ mú èyí jàre."

"Àlòkù yẹn ni mo fẹ́."

"Ah ah! Abeg o, ìyẹn ò lágbára, á yí ohùn yín padà nínú kásẹ́ẹ̀tì!"

"Ṣáà fún mi."

Ó délé, ó tilẹ̀kùn, ó ki bátìrì bọ rédíò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, èmi Láńrewájú ni. Ẹ má wo ti ohùn mi o, bátìrì ló dà á rú. Ara mi le."

Yẹ̀pẹ̀ ojú oórì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì gbẹ.