Pírójẹ́ẹ̀tì Lórí Afárá

Òógùn ti bo ọkùnrin kan kó tó dé ilé ìkàwé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá kan lórí afárá, tọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.”

Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé fura. “Ẹ fẹ́ jí iṣẹ́ oníṣẹ́ dà kọ, àbí?”

“Ẹ ṣàánú mi, mà!”

Obìnrin náà gbé e wá.

Ọkùnrin náà ṣe ìṣirò inú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rí àṣìṣe níbẹ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu!

Ó pariwo sórí fóònù: “Ẹ ti afárá iléèwé yẹn pa! Ọmọ iléèwé kankan ò gbọdọ̀ gorí ẹ̀!”

“A ti tì í, ọ̀gá,” ẹni tó wà lórí fóònù dáhùn.

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. “Ta ló ṣe irú àṣìṣe yìí?”

Ọkùnrin náà fìka kan orúkọ tó wà lára èèpo ìwé.

“Èmi ni, mà. Ìṣirò yìí náà ni mo fi kọ́ afárá yẹn.”