Bọ́ọ̀lù Ìdágbére fún Ládiípọ̀

Ní ọjọ́ kejì oṣù Agẹmọ, ọdún 2071, Ládiípọ̀, ẹni tó máa ń sá lọ gba bọ́ọ̀lù tí Ìṣọ̀lá bá jù, kú. Kí ìdíje bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù tó tẹ̀lé e tó bẹ̀rẹ̀, Oyèwùmí, bàbá rẹ̀, gbé bọ́ọ̀lù lé Ìṣọ̀lá, ìlúmọ̀ọ́ká ajubọ́ọ̀lù, lọ́wọ́.

“Jù ú dé ìkangun pápá tí ọmọ mi máa ń sá lọ. Fi dágbére fún un.”

Ìṣọ̀lá tẹ́tí sí ẹ̀rọ etí rẹ̀, èyí tó máa ń sọ ibi tó yẹ kó ju bọ́ọ̀lù sí fún un.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀rọ ní kò sẹ́ni níbẹ̀. Bí mo bá jù ú síbẹ̀, wọ́n á kà á sí àṣìṣe fún mi.”

“Èmi tí ọ̀fọ̀ ọmọ ṣẹ̀, èmi lo ń sọ fún pé kò sẹ́ni níbẹ̀?”

Ìṣọ̀lá rọra ju bọ́ọ̀lù sí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró tì í, ìyẹn sì gbá a mú. Gbogbo pápá pàtẹ́wọ́. Ó rí Oyèwùmí lára, ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì kó ẹrù olóògbé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá: bàtà ẹlẹ́rẹ̀, ẹ̀wù kan, àti fọ́tò ibi tó ti na ọwọ́ méjèèjì sókè, tó ń dúró de bọ́ọ̀lù Ìṣọ̀lá.